Kí Ọmọ Tó Dé Ilé Ìwòsàn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kó àwọn ọmọ wá, ẹ̀yin aṣáájú R.A. àti G.A., ẹgbẹ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹ̀yin Scout àti Boys' Brigade, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jókòó síwájú, ẹ kú ọdún, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń yan láti àárọ̀, oòrùn sì ti pa yín. Ẹ máa mu omi yín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Láti 1964 ni Nàìjíríà ti ń ya 27 oṣù Karùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé. Àwọn ará Tọ́kì ń ṣe tiwọn ní 23 oṣù Kẹrin, àwọn ará Japan ń ṣe tiwọn ní 5 oṣù Karùn-ún. Ní Korea, bí ọmọ bá pé 100 ọjọ́, wọn á se àsè, nítorí pé láyé àtijọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ni ikú ń mú lọ kó tó pé bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ irú ayọ̀ yẹn. Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé, ó ti sin ọmọ rí ni. Lónìí, a mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ní àbíkú nígbà náà, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń pa wọ́n. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún ìwádìí náà ṣe ní 2023 sí 2024, iye yẹn ti wálẹ̀ sí 110. Ó ṣì pọ̀ jù, àmọ́ ó wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti ìtọ́jú aboyún ń ṣiṣẹ́ wọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ọmọ bá ti kọjá ọdún márùn-ún báyìí, a máa ń rò pé ó ti bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá nílẹ̀, a ń rán an lóko, ó ń lọ sódò, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa mángòrò, ìjọ ń kó o lọ sí àgọ́ nígbà ìsinmi. A fún un ní bàtà, a fún un ní oúnjẹ, a gbàdúrà fún un. A kò kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe tí ejò bá bu ẹnì kejì rẹ̀ jẹ níbi tí àgbàlagbà kan kò sí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó wà nílé ìwòsàn ń pọ̀ sí i, inú mi sì ń dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè jáde lọ pàdé ọmọ lóko. Láti inú igbó títí dé orí bẹ́ẹ̀dì wa, ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Torí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe wá síbí lónìí.

Ọdún kan wà tí mo fẹ́ kí a rántí. Ní 1907, Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, dé Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló di ilé ìwòsàn tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàtíìsì, tó ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen báyìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Robert Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ olówó wà níbẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n jọ sun inú àgọ́, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń dáná, bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹranko, àti bí a ṣe ń gba ẹ̀mí là. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Scout ti ṣẹ̀, ó sì dé Nàìjíríà ní 1915. Ìlú wa yìí gba méjèèjì. A ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì, ti Bowen àti ti LAUTECH. Àgọ́ àwọn ọmọ sì wà fún wa lọ́pọ̀ yanturu. Àmọ́ àgọ́ kì í bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Lágọ̀ọ́, wọ́n ń kọ́ yíyan bí ológun, wọ́n ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ta kókó okùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ti ẹ̀mí kún un.

Ejò ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òjò ti ń rọ̀, koríko ti ń ga. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bí tiwa, ejò méjì ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀kan ni paramọ́lẹ̀ kékeré, aláwọ̀ ilẹ̀, tí kì í sá fún èèyàn. Tí inú bá ń bí i, á máa fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ra ara wọn, á máa dún ṣìnìṣìnì. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Ọmọ á kàn máa ṣẹ̀jẹ̀ létí eyín, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ya sí i lọ́pọlọ láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i. Èkejì ni sèbé tí í máa tutọ́ oró. Tí ó bá bu èèyàn jẹ, á máa pa ẹran ara ibẹ̀, ojú ibẹ̀ á dúdú, á sì máa rà. Tí ó bá sì jẹ́ pé ojú ló tu oró sí, omi ni, omi púpọ̀. Ẹ máa da omi sójú náà fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì gbé ọmọ wá. Ẹ má fi omi ọmú ìyá ọlọ́mọ wẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì jókòó sílé, ojú lè fọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọ̀rọ̀ ejò bíbunijẹ kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì ní 2017, wọ́n sì ṣètò ní 2019 pé kí iye ikú rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdajì kó tó di 2030. Kí ló máa mú un wálẹ̀? Abẹ́rẹ́ tí ń pa oró. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí pé ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́ ọ. Nǹkan bí 1895 ni Albert Calmette, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀nà rẹ̀ lélẹ̀. Wọ́n á máa fún ẹṣin ní oró ejò díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí kò lè pa á. Ara ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ọmọ ogun tó mọ oró yẹn. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà, wọ́n á yọ àwọn ọmọ ogun yẹn jáde, wọ́n á sọ ọ́ di abẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà, EchiTAb ni wọ́n ń pè é. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wá láti ara àgùntàn, ó sì wà fún paramọ́lẹ̀ tí mo sọ yẹn. Èkejì wá láti ara ẹṣin ní ilẹ̀ Costa Rica, ó sì ń bá oró paramọ́lẹ̀, oró ọká àti oró sèbé jà. Oró ejò Nàìjíríà gan-an ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Àwa ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí a fi ẹṣin jagun láyé àtijọ́, ẹṣin náà tún ń bá wa ja ogun yìí.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọmọ nílò abẹ́rẹ́ náà? Ìdáhùn rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Nọ́ọ̀sì á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, mílílítà méjì péré, á dà á sínú ọ̀pá gíláàsì tó mọ́ tó sì gbẹ, á gbé e kalẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án fún 20 ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, á dà á dẹ̀gbẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì, ara rọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan. Tí ó bá ṣì ń ṣàn bí omi, paramọ́lẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ yá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ọmọkùnrin pàápàá: torí àyẹ̀wò yìí, a kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ejò náà gbé wá fún wa. Ọmọ tó ń lé ejò kiri kó lè gbé òkú rẹ̀ dé ọsibítù, òun náà lè di ẹnì kejì tí a máa fi sórí bẹ́ẹ̀dì. Orí ejò tí wọ́n ti gé pàápàá ṣì lè buni jẹ.

Ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe rèé. Ẹ kúrò níbi tí ejò wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bù jẹ jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀, kó má sáré, kó má rìn tí ẹ bá lè gbé e. Ẹ bọ́ òrùka, aago, ẹ̀gbà ẹsẹ̀ àti bàtà kúrò lára rẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ wá fi igi àti aṣọ di apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má ṣe mì, bí àwọn tí ń to eegun ṣe ń fi pákó dì í. Ẹ má dì í fún. Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán, ẹ tẹ èékánná rẹ̀, kó funfun, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Tí pupa rẹ̀ kò bá tètè padà, ó ti fún jù nìyẹn, ẹ dẹ̀ ẹ́. Eléyìí kan ọ̀rọ̀ eegun tó kán náà. A ti gé ẹsẹ̀ ọmọ tí kò yẹ kí á gé, nítorí pé dídì tó fún jù ti pa ẹsẹ̀ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo mọyì iṣẹ́ àwọn tí ń to eegun, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa tẹ èékánná wò.

Ní ti ejò, àwọn nǹkan kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Okùn tí wọ́n ń so mọ́ itan pinpin, ẹ má so ó. Abẹ tí wọ́n fi ń sín ojú ibẹ̀, ẹ má sín in: ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì mọ́, ojú gbẹ́rẹ́ nìkan lè mú ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fà á. Òkúta dúdú kì í fa oró jáde. Àgbo àti ọfọ̀, ẹ̀yin àgbà, n kò bá yín jà lórí wọn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé orí ọ̀kadà la ti ń pe ọfọ̀ náà, tí ọ̀kadà ti ń lọ sí ọsibítù. Ẹ má rẹ́rìn-ín nítorí pé mo dárúkọ ọ̀kadà. Ní ilẹ̀ Nepal, àwọn abúlé kan ṣètò alùpùpù fún ẹni tí ejò bù jẹ, tí ẹni náà á jókòó sáàárín ẹni tó ń wà á àti ẹnì kan lẹ́yìn tó gbá a mú, ikú sì dín kù gan-an. A ní ọ̀kadà ju Nepal lọ. Ohun tí a kò ní ni ètò.

Èkejì ni àrá. Ní ìlú mángòrò yìí, ìgbà tí mángòrò ń pọ́n náà ni òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì. Ìjì á gbọn mángòrò sílẹ̀, àwọn ọmọ á sáré lọ sábẹ́ igi náà láti ṣa á. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, torí ẹ̀yin náà ṣe é. Igi tó ga tó dá dúró ni àrá máa ń wá, iná rẹ̀ á sì fò láti ara igi sí ara ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ó ti sún mọ́ yín, ẹ wọlé. Ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tàbí inú ọkọ̀ tó ní òrùlé irin ni ibi ààbò, kì í ṣe abẹ́ àtíbàbà ọjà. Ẹ má jáde títí 30 ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Mángòrò ò ní sá lọ.

Tó bá wá mú ẹnì kan ńkọ́? Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ èyí, nítorí pé ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a wà, a sì mọ ẹni tó ni àrá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ẹni tí àrá bá sán pa, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án títí àwọn Oníṣàngó á fi dé. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a má tíì pè é ní òkú. Iná àrá kì í gbé inú ara. Bó ti wọlé ló ti jáde, ẹni tó fọwọ́ kan ọmọ náà kò sì ní rí ìjàǹbá. Ohun tí iná yẹn sábà máa ń ṣe ni pé ó ń dá ọkàn dúró, ó sì ń dá èémí dúró. Ọkàn ọmọ tó le lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù tí ẹnì kan bá bá a ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta ló ṣubú, tí méjì ń kígbe, tí ẹnì kan dákẹ́, ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré bá. Ẹ bá a tẹ àyà. Bí ètùtù bá wà láti ṣe, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ètùtù ọpẹ́.

Títẹ àyà yìí, ẹ̀kọ́ kékeré ni. Ní 1960, àwọn mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, William Kouwenhoven, James Jude àti Guy Knickerbocker, gbé e jáde pé ọwọ́ méjì lórí àyà tó láti máa bá ọkàn tó dúró gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, láìla àyà rárá. Ẹ gbé ọwọ́ lé ara wọn sí àárín àyà, ẹ na apá yín tọ́ọ́tọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ jẹ́ kó wú padà, kí ẹ tún tẹ̀. Kó tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá ti kọ́ fífẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu, 30 títẹ̀, atẹ́gùn méjì. Fún ẹni tó rì sómi, atẹ́gùn náà ṣe pàtàkì gan-an. Tó bá rẹ ẹnì kan, kí ẹlòmíràn gbà á.

Àwọn ilé ńlá kan ti ní ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná tún ọkàn ṣe, tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á máa sọ fún èèyàn ohun tó kàn. Ó dára púpọ̀. Kò sí lábẹ́ igi mángòrò. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan ní 2015 tó ní kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní títẹ àyà fún wákàtí méjì lọ́dún, láti ọdún 12. Ilẹ̀ Denmark ti sọ ọ́ di dandan nílé ẹ̀kọ́ ní 2005, pẹ̀lú àwọn ètò mìíràn. Ní 2001, bíi ẹnì kan péré nínú márùn-ún lára àwọn tí ọkàn wọn dúró níta ilé ìwòsàn níbẹ̀ ni ẹni tó wà nítòsí bá tẹ àyà. Nígbà tó di 2010, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ kúrò ní 3.5% di 10.8%. Ẹ̀yin olùkọ́, wákàtí méjì lọ́dún ni mò ń tọrọ.

Omi, n kò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí ní 2013. Ẹ̀yin ọmọ kò mọ̀ ọ́n, ẹ bi ìyá yín àgbà. Aṣọ asẹ́ àti ọ̀pá asẹ́ kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn lọ sóko wà lára ohun tó lé e lọ. Ọ̀pá rọ́bà lásán yẹn wà lára ẹ̀rọ ìwòsàn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ. Fún omi odò, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sè é kó hó. Tí kò bá sí iná, ẹ bu omi tó mọ́ lójú sínú ìgò rọ́bà tí kò ní àwọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ méjì. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá wá bẹ̀rẹ̀ lágọ̀ọ́, píọ̀ wọ́tà méjì, ìyẹn lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má ga kọjá ẹnu rẹ̀. Dókítà Dilip Mahalanabis fi irú omi iyọ̀ àti ṣúgà bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí àwọn tó ní onígbáméjì nínú àgọ́ àwọn ogunléndé ní Bongaon, nílẹ̀ Íńdíà, ní 1971. Dírípù ti tán lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn ló ń bu omi náà fún wọn mu, iye àwọn tó ń kú sì wálẹ̀ sí 3.6%.

Ó ku ọ̀rọ̀ sísọnù. Ọgbà Ìpamọ́ Ọ̀yọ́ Ilé tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń kó ọmọ lọ wò fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ọmọ sì lè yà kúrò lójú ọ̀nà láti tọ̀, kó má mọ̀nà padà. Ní California, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan sọnù sórí òkè ní 1981, ó sì kú kí wọ́n tó rí i. Àwọn tó wá a ló dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé: bí o bá ti mọ̀ pé o sọnù, dì mọ́ igi kan, má kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń rìn kiri, ó ń sá fún àwọn tó ń wá a láìmọ̀. Ẹ mú fèrè sápò, fífọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta ni ìpè ìrànlọ́wọ́. Tí ẹ bá ní fóònù, nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112, ọ̀fẹ́ ni. Fóònù tún lè mọ ibi tí ẹ wà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì láìsí dátà, tí ẹ bá ti gba máàpù ibẹ̀ sórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé yìí gbọ́. Ní 1 oṣù Karùn-ún, 2023, bàálù kékeré kan já sínú igbó Amazon ní ilẹ̀ Colombia. Àgbàlagbà mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kú, ìyá àwọn ọmọ náà wà lára wọn. Ọmọ mẹ́rin ló kù: ọmọbìnrin ọdún 13, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, àti ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n lò nínú igbó tí ẹranko jaguar tó jọ àmọ̀tẹ́kùn, ejò àti òjò kì í dá. Ọmọbìnrin yẹn ló bọ́ wọn. Ó mú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ láti inú bàálù, ohun tí àwọn ń pè ní fariña, tó jọ gàrí wa yìí. Nígbà tó tán, ó mọ èso tó ṣeé jẹ, nítorí pé ìyá rẹ̀ àgbà ti mú un wọ igbó rí, ó sì ti kọ́ ọ. Ó fi aṣọ àti ewé ṣe ibùgbé.

Àwọn ológun náà kò fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣeré. Sátẹ́láìtì ń wo igbó, hẹlikọ́pútà ń fò. Ẹ wo ohun tí wọ́n gbé sẹ́nu hẹlikọ́pútà: ohùn ìyá àgbà náà. Wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tú u sórí igbó, ó ń fi èdè Huitoto sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n dúró síbi kan, wọ́n ń bọ̀ wá mú wọn. Lórí ilẹ̀, ìgò ọmọ ọwọ́ àti èso tí eyín ọmọdé wà lára rẹ̀ ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ológun fi ń tọpa wọn. Ní 9 oṣù Kẹfà, wọ́n rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàyè. Wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn àwọn ológun ní Bogotá, omi ti tán lára wọn, ebi ti jẹ wọ́n gbẹ, gbogbo ẹ̀rọ tó yẹ sì wà níbẹ̀ láti tọ́jú wọn. Ẹ̀rọ yẹn rí ẹni tọ́jú nítorí pé ọmọbìnrin kan mọ igbó.

Ọmọbìnrin ni, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Àwọn òbí kan ń fi ọmọkùnrin wọn ránṣẹ́ sí àgọ́, wọ́n á ní kí ọmọbìnrin dúró bá àwọn se oúnjẹ. Ẹ kó wọn lọ. Ẹ fi páàdì sínú ẹrù wọn, ẹ ṣètò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó nílẹ̀kùn, kí ọkàn wọn balẹ̀. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde náà, ẹ má fi í sílẹ̀ sílé ní gbogbo ìgbà. Ó nílò omi púpọ̀, ó nílò aṣọ òtútù lálẹ́, kó má wọ odò tó tutù, kó má sáré ìdíje, kí oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ aṣáájú tó mọ àmì ìnira rẹ̀. Ó yẹ kí òun náà ní ìtàn àgọ́ tó máa sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ní ikọ́ fée: kí ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀ wà lápò ara rẹ̀, kì í ṣe nínú báàgì tí wọ́n tì mọ́ ọ́fíìsì.

Àwọn aṣáájú kan ti ń ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há orí ìka, tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Takuo Aoyagi, ọmọ Japan, ló ronú ẹ̀ jáde ní 1974. Ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì ló ń gba inú ìka kọjá, ẹ̀rọ náà á sì wo èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́ra. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ó máa ń sọ iye tó ga ju òótọ́ lọ fún aláwọ̀ dúdú ju bó ṣe ń ṣe fún aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀dà èékánná àti láàlì dúdú tí àwọn ọmọbìnrin fi ṣọdún náà lè dà á láàmú. Nítorí náà, tí ẹ̀rọ bá ní ara ọmọ dá, tí ojú yín sì rí i pé ó ń mí gúlegúle, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ gbé e.

Kí àgọ́ ọlọ́dọọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Kí aṣáájú kọ̀ọ̀kan lọ bèèrè, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ ejò nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, torí kì í wà níbi gbogbo, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ejò bá bu èèyàn jẹ kí ẹ tó máa wá a. Kí ẹ mọ ọlọ́kadà méjì tó máa gbé fóònù lóru, kí ẹ sì ti bá wọn dúnàádúrà iye tí wọ́n máa gbà. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún títẹ àyà ní táàmù tó ń bọ̀. Àwa nọ́ọ̀sì máa wá, a ò ní gba owó.

Ìyá kan ní ẹ̀yìn ń nawọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bèèrè. Ìyá ní ọmọ àwọn jẹ́ ọdún mẹ́wàá, ṣé agbára rẹ̀ ká àti tẹ àyà àgbàlagbà. Ó ṣeé ṣe kó má ká a dáadáa, mà, ara rẹ̀ kò tíì wúwo tó. Ṣùgbọ́n ó lè mọ̀ pé ẹni yìí kò mí, ó lè pariwo pe ìrànlọ́wọ́, ó lè pe 112, ó sì lè fi ọ̀nà han ẹni tó lágbára. Ẹ jẹ́ kó wá kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn tó jù ú lọ, agbára á bá a níbẹ̀.

Ó dáa. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìlà méjì àkọ́kọ́ dìde, ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Igi àti aṣọ wà lórí tábìlì yẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ejò ti bu ẹnì kejì yín jẹ. Ẹ máa dì í, mò ń bọ̀ wá tẹ èékánná wò.